Lẹ́yìn Tí Ìgbóná Bá Lọ: Ìtàn Ara Àwọn Tó Yè Nínú Ṣọ̀pọ̀ná

Bí ènìyàn bá ṣí ìwé tó sọ ìtàn àjàkálẹ̀ àrùn nílẹ̀ wa, nǹkan méjì ló máa ń kọ́kọ́ bá pàdé: iye àwọn tó kú, àti ọdún tí àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kì í sábà sí níbẹ̀. Àwọn tí àrùn náà mú tí wọn ò kú, tí wọ́n dìde lórí ẹní, tí wọ́n sì gbé ogún tàbí ogójì ọdún sí i láyé pẹ̀lú ara tí kì í ṣe ara tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ mọ́, ìwé kì í dárúkọ wọn. Wọ́n ti yè, ọ̀rọ̀ wọn sì tán síbẹ̀. Ìtàn ṣọ̀pọ̀ná ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé ó wà lára àwọn àrùn tí ilẹ̀ Yorùbá bá gbé pẹ́, òun náà sì ni àrùn kan ṣoṣo tó ń mú ènìyàn tí aráyé ti lé kúrò láyé pátápátá. Èrò mi ni pé ìtàn àwọn tó yè ni ìtàn ṣọ̀pọ̀ná ju ìtàn àwọn tó kú lọ; pé àwọn baba wa mọ̀ pé àrùn kì í tán lọ́jọ́ tí ibà bá wá sílẹ̀, wọ́n sì fi àṣà yí ìmọ̀ náà ká; àti pé nígbà tí ìṣègùn òde òní lé àrùn náà lọ, tí àṣà náà sì bá a lọ, kò sí ohun tí a fi rọ́pò ìtọ́jú ẹni tó ń mókun bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìṣe àrùn náà. Bí fáírọ́ọ̀sì ṣọ̀pọ̀ná bá wọ ara, ó máa ń fara pamọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ méjìlá. Ibà líle ló fi ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orí fífọ́ àti ẹ̀yìn ríro tó lè dá alágbára ọkùnrin dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sú: nínú ẹnu, lójú, lápá, lẹ́sẹ̀, títí dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó sú náà á kún fún omi, omi á di ọyún, ọyún á gbẹ, á di èépá. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èépá tó kẹ́yìn tó ré kúrò lára, títí di ọjọ́ náà ni aláìsàn ṣì lè kó o ran ẹlòmíràn. Èyí tó le jù nínú irú àrùn yìí máa ń pa nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Èyí tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún 20 kì í pa tó bẹ́ẹ̀. Orí ìṣirò yìí ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Bí ó bá pa mẹ́ta, méje ló yè. Bí kò bá pa tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó yè tún pọ̀ sí i. Ìlú tí ṣọ̀pọ̀ná bá ti kọjá, àwọn tó dìde níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tí wọ́n sin lọ ní ìlọ́po méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ò lè sọ pé a mọ ohun tí àrùn kan fi ìlú ṣe nígbà tí a ò mọ ohun tó fi púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó mú ṣe.

Ojú ni ohun tó fi wọ́n ṣe ti kọ́kọ́ ń hàn. Abẹ́ awọ ènìyàn kún fún àwọn kókó kéékèèké tó ń sun òróró tí kì í jẹ́ kí awọ gbẹ, ojú sì ni wọ́n pọ̀ sí jù. Àrùn náà a máa pa àwọn kókó wọ̀nyí. Ibi tí wọ́n bá ti kú, awọ á jìn wọlé, á di ihò wẹ́wẹ́ tí kì í kún mọ́ títí ayé. Nínú àwọn tí irú rẹ̀ tó le mú tí wọ́n sì yè, ó ju ìdajì lọ dáadáa tó gbé irú àpá bẹ́ẹ̀ lọ sí sàréè. Ẹyinjú náà tún wà níbẹ̀. Awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú lè di egbò. Egbò náà á jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ á funfun, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní rí ibẹ̀ gbà kọjá mọ́. Ní Yúróòpù ní ọ̀rúndún 18, wọ́n gbà pé nínú gbogbo afọ́jú mẹ́ta, ṣọ̀pọ̀ná ló fọ́ ojú ẹnì kan. Nínú àwọn ọmọdé, àrùn náà lè wọ egungun àti oríkèé, pàápàá ìgbọ̀nwọ́, tí ọmọ náà á fi dàgbà pẹ̀lú apá tí kò ṣeé nà tán tàbí tó kúrú ju èkejì lọ. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ìlú àgbẹ̀ àti ìlú ahunṣọ. Apá tí kò ṣeé nà kò lè kọ ebè bó ti yẹ. Ojú tó ti fọ́ kò lè rí òwú tó já lórí òfì. Ẹni tó yè nínú ṣọ̀pọ̀ná lè di ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ baba rẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó ka ìyẹn mọ́ àdánù tí àrùn náà fà.

Àwọn baba wa kò mọ fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àrùn náà dáadáa. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ti ṣe é rí kì í tún un ṣe mọ́, èyí tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní náà fi ọwọ́ sí. Nítorí náà, àwọn tó ti yè ló lè wọlé tọ aláìsàn láìbẹ̀rù. Àwọn ló ń fún un lómi, tó ń tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ kí ara tó bó má baà lẹ̀ mọ́ ẹní, tó sì ń sin òkú nígbà tí ọlọ́jọ́ bá dé. Wọ́n a máa ya aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò láàárín ìlú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àrùn náà sábà máa ń jà, ìlù á dákẹ́, àwọn ènìyàn kì í sì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Òrìṣà ni wọ́n kà á sí; Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ọbalúayé, tàbí Baba. Ohun tútù ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá tó jáde ní 1962, sọ bí ìdílé tí òrìṣà náà pa èèyàn wọn kò ṣe gbọdọ̀ ṣọ̀fọ̀, tó jẹ́ pé ọpẹ́ ni wọ́n ní láti máa dú. Òfin yìí le, ó sì dun ìdílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì àṣà náà. Ẹni tó yè kì í kàn padà sáàárín ìlú bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí. Òrìṣà ti fọwọ́ kàn án. Àpá ojú rẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹni tí ìlú mọ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò lè ṣe. Láàárín irú wọn ni òrìṣà náà ti ń rí ọ̀pọ̀ àwọn olùsìn rẹ̀. Ìlú kò díbọ́n pé ara rẹ̀ ti padà sí ti àtijọ́. Ó wá àyè fún un pẹ̀lú ara tó kù fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń fi ìrònú òde òní bo àṣà àtijọ́ mọ́lẹ̀, kí ó wo ohun tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé sọdá òkun. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, bí Ọmọlú, bí wọ́n ṣe ń pe òrìṣà yìí níbẹ̀, bá jáde níbi ọdún rẹ̀, imọ̀ ló máa ń bo ojú àti ara rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀, ṣàṣàrà á wà lọ́wọ́ rẹ̀, gúgúrú sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ojú àpá ń ti òrìṣà náà, kò fẹ́ wọ agbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, títí tí wọ́n fi fi imọ̀ bò ó. Nígbà tí Ọya jó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, atẹ́gùn Ọya ṣí imọ̀ náà, egbò ara rẹ̀ sì tú jáde di gúgúrú funfun. Níbi àsè ńlá tí wọ́n ń pè ní Olubajé, orí ewé làrá ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún gbogbo ẹni tó bá wá, kí ara wọn lè le. Ní Cuba, Babalú Ayé, òrìṣà kan náà, ti dara pọ̀ mọ́ Lásárù Mímọ́, arúgbó tó fi ọ̀pá ìkẹ́sẹ̀ rìn, tí ajá ń lá egbò rẹ̀. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, ẹgbàágbèje ènìyàn ń lọ sí El Rincón lẹ́bàá Havana láti jẹ́ ẹ̀jẹ́ wọn. Àwọn mìíràn ń fi orúnkún rìn, àwọn mìíràn ń wọ́ àyà nílẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀pá ìkẹ́sẹ̀ àti ajá wá láti inú Bíbélì àti ìjọ Àgùdà, kì í ṣe láti ilé Yorùbá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni mímọ́ pọ̀ nínú ìjọ Àgùdà, àwọn ènìyàn wa sì mú èyí tí ara rẹ̀ jọ ara òrìṣà tí wọ́n mọ̀. Kò sí òkú nínú gbogbo àwòrán yìí. Ohun tí wọ́n rántí nípa ṣọ̀pọ̀ná, lẹ́yìn ìrìn àjò tó burú jù nínú ìtàn wa, ni ara tí àrùn ti kọjá lórí rẹ̀ tó ṣì wà láàyè, tó ń rìn, tó ń jó, tó ń jẹun láàárín ẹgbẹ́.

Àtakò tó wúwo jù lọ sí ọ̀rọ̀ mi ni ti àwọn àwòrò. Gbogbo ẹni tó bá mọ ìtàn yìí mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn aláṣà Ṣọ̀pọ̀ná kò ṣe dáadáa. Wọ́n a máa kó ẹrù ẹni tó kú lọ. Wọ́n a máa fi orúkọ òrìṣà dẹ́rù ba ìdílé. Àwọn ènìyàn sì fẹ̀sùn kàn wọ́n pé àwọn kan ń fi èépá àti aṣọ aláìsàn tan àrùn náà ká kí ẹrù lè máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown ní 1861, tó wọ iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba ní Èkó ní 1896, fi ara pamọ́ wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò náà láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ohun tó sì rí níbẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn fi òfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀ná. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ohun tí Sàpárà ṣe gba ìgboyà, ó sì gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìwà ọ̀daràn àwọn kan àti ìmọ̀ ìtọ́jú tí gbogbo ìlú ní kì í ṣe ohun kan náà. Òfin tó dá olè dúró tọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà kò kọ́ ilé ìwòsàn kankan fún afọ́jú tí ṣọ̀pọ̀ná fi sílẹ̀, kò sì wá iṣẹ́ fún ọmọ tí apá rẹ̀ kò ṣeé nà. Ìjọba mú àṣà náà kúrò lọ́nà nítorí àwọn tó ń fi kówó jẹ, kò sì bèèrè ẹni tí yóò máa ṣe èyí tó dára nínú rẹ̀.

Àwọn òǹkọ̀tàn mìíràn á sọ pé kò sí àkọsílẹ̀ tí a fi lè kọ ìtàn àwọn tó yè. Àkọsílẹ̀ wà, ibi tó wà ni kò dùn mọ́ni. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá gba ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown, àwọn akọ̀wé máa ń kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe ga tó, àti àmì tó wà lára rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ló wà nínú àwọn ìwé yìí ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19; lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà ojú àti ilà ara tí wọ́n kọ sílẹ̀, a máa ń rí àpá ṣọ̀pọ̀ná. Bákan náà ni ìkéde tí àwọn olówó ẹrú ń gbé jáde nínú ìwé ìròyìn ní Brazil àti ní àwọn erékùṣù Caribbean nígbà tí ẹnì kan bá sá lọ: wọ́n á ní ó ga tó báyìí, ó ń sọ èdè báyìí, ojú rẹ̀ ní àpá ṣọ̀pọ̀ná. Àwọn tó ń ra ẹrú mọ iye àpá náà, nítorí wọ́n fẹ́ ẹni tó ti ṣe àrùn náà kọjá, tí kò ní kú sí wọn lọ́wọ́. Ó bani nínú jẹ́ pé àwọn tó ń ta ènìyàn ló fi ìṣọ́ra kọ ara àwọn tó yè sílẹ̀ jù. Síbẹ̀, ẹ̀rí ni, ó sì fi hàn pé ohun tí ẹni tó ń kọ̀wé fẹ́ lò ló máa ń kọ sílẹ̀. Ohun tí òǹkọ̀tàn kan sọ pé kò sí, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wá a láti fi ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni.

Kò síbi tí èyí ti hàn kedere tó ìgbà tí aráyé ń lé ṣọ̀pọ̀ná lọ. Ní 1967 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ akitiyan ńlá náà. Nàìjíríà wà nínú ogun abẹ́lé lọ́dún náà, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ń lọ láti ìlú dé ìlú, ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa náà, kété kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ni dókítà ọmọ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ William Foege ti ṣe àmúlò ọgbọ́n tó wá tàn dé gbogbo ayé: kí wọ́n tètè wá ibi tí àrùn ti yọ, kí wọ́n sì fún àwọn tó yí i ká ní abẹ́rẹ́ kí ó tó ràn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1970, ẹni tó kẹ́yìn ṣe ṣọ̀pọ̀ná ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Nàìjíríà ló wà. Ní 1977, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ali Maow Maalin ní Merca, ní Somalia, ló ṣe é gbẹ̀yìn láyé láìjẹ́ pé láti inú yàrá ìwádìí ló ti wá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, wọ́n kéde pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ti tán ní orílẹ̀-èdè kan? Ojú àwọn ọmọdé ni wọ́n wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ àti láti ọjà dé ọjà, wọ́n ń wá ihò wẹ́wẹ́ lójú ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún tí wọ́n ní àrùn ti dáwọ́ dúró. Bí wọn ò bá rí i, àrùn ti lọ lóòótọ́. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Àpá ara àwọn tó yè ló jẹ́ ẹ̀rí pé aráyé ti ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti rí ìdáhùn tí wọ́n ń wá, wọ́n pa ìwé dé. Ẹni tó ní àpá, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí apá rẹ̀ ti ká, kò tún sí ìbéèrè kankan tí wọ́n fẹ́ bi í.

Àtakò mìíràn tún wà tó yẹ ká fún ní ìdáhùn. Wọ́n á ní àpá àti ojú fífọ́ ṣeé rí, kò ṣeé jiyàn lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ti yè nínú àrùn bá ń sọ pé ó ń rẹ òun, pé oríkèé ń ro òun, pé òun ń gbàgbé nǹkan, ta ló mọ̀ bóyá ibà ni, tàbí ebi, tàbí ìrònú? Nílẹ̀ tí ìṣẹ́ àti ibà ti wọ́pọ̀, ìbéèrè yìí tọ́. Ìtàn influẹ́ńsà ọdún 1918 fi hàn bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe le tó. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ Èkó, ojú irin sì gbé e wọ àárín ilẹ̀ lọ. Láàárín oṣù mélòó kan, àwọn òǹkọ̀tàn ṣírò pé ó pa tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ní Nàìjíríà. Òpìtàn Don Ohadike kọ ní 1981 pé lẹ́yìn àrùn náà, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò Niger tó jẹ́ pé iṣu ni wọ́n mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀gẹ́ gan-an, nítorí àìtó ọwọ́ tó lè kọ ebè: ọ̀pọ̀ ti kú, ọ̀pọ̀ mìíràn kò lókun mọ́, ẹ̀gẹ́ kò sì fẹ́ iṣẹ́ tó ti iṣu. A ò lè ya ipa ikú sọ́tọ̀ kúrò lára ipa àárẹ̀ nínú ìtàn yìí, mi ò sì ní sọ pé a lè yà á. Ohun tó dá mi lójú ni pé oko kì í kàn pa tì nítorí àwọn tó kú nìkan. Ara tó dìde láìlókun náà ní ipa nínú ohun tí ìlú gbìn àti ohun tí ìlú jẹ.

Ìdáhùn tó péye sí àtakò náà wá ní ìgbà tiwa, láti ara àrùn Ẹ̀bólà. Nàìjíríà mọ àrùn yìí: ní 2014, ó wọ Èkó àti Port Harcourt, ó mú ogún ènìyàn, mẹ́jọ kú, méjìlá yè. Ní Liberia tó wà nítòsí wa, àwọn tó yè pọ̀ gan-an, àwọn dókítà Liberia àti ti Amẹ́ríkà sì ṣe ohun tí kò sẹ́ni tó ṣe nígbà ṣọ̀pọ̀ná. Wọ́n kó àwọn tó yè tó ń lọ bí ẹgbẹ̀rún kan jọ, wọ́n sì kó àwọn tó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ mọ́ wọn, àwọn tó ń gbé pẹ̀lú wọn tàbí tó sún mọ́ wọn ṣùgbọ́n tí kò ní àrùn náà. Wọ́n yẹ gbogbo wọn wò leralera, wọ́n sì gbé èsì náà jáde ní 2019. Ọ̀pọ̀ wọn ló jọ ń gbé ilé kan náà, ìṣẹ́ kan náà ló ń ṣẹ́ wọn, ibà kan náà ló ń ṣe wọ́n, ọ̀fọ̀ kan náà ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, orí fífọ́, àárẹ̀, iṣan ríro, oríkèé ríro, ìgbàgbé àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ pọ̀ lára àwọn tó yè ju ti àwọn ará ilé wọn lọ. Ojú wọn náà fi hàn: wíwú inú ẹyinjú, tó lè fọ́ni lójú bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, pọ̀ lára wọn ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po méjì. Bí ebi àti ìrònú nìkan ló fà á ni, kò ní yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Àrùn ló fi í sí wọn lára. Ìwádìí yìí dá àwọn tó yè láre, ó sì dá àwọn baba wa láre pẹ̀lú, àwọn tó gbà pé ẹni tí àrùn ńlá bá ti kọjá lára rẹ̀ nílò àyè tirẹ̀.

Wọ́n á tún ní ṣọ̀pọ̀ná ti lọ, kí ló kàn wá mọ́? Ó kàn wá nítorí pé àṣà pípa ìwé dé lọ́jọ́ tí ibà bá wá sílẹ̀ kò bá ṣọ̀pọ̀ná lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó kó o, àwọn tó kú, àti àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ sílé. Lójú ìwé, ẹni tí wọ́n bá ti dá sílẹ̀ ti bọ́. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé wá fi ọwọ́ sí i pé àwọn kan wà tí àmì àrùn náà ṣì wà lára wọn oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, tó sì ń bá wọn fà á fún oṣù méjì ó kéré tán, láìsí àrùn mìíràn tó lè fà á: àárẹ̀ tí oorun kì í mú kúrò, èémí tó ń kúrú, ọpọlọ tí kò já geere mọ́. Àwọn aláìsàn fúnra wọn ló kọ́kọ́ pariwo títí tí àwọn oníṣègùn fi gbọ́. Ní ilẹ̀ wa, kò sí ibi tó pọ̀ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lọ. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ á ní ìwé àyẹ̀wò ti sọ pé ara rẹ̀ ti dá. Àwọn ará ilé á ní ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́. Ní ti èyí, àwọn tó ń gbé nígbà Olóde lóye ju wa lọ, nítorí wọn kì í retí pé kí ẹni tí èépá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ré gbé ọkọ́ lọ sóko lọ́jọ́ kejì.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni padà sí ojúbọ Ṣọ̀pọ̀ná. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé àrùn náà lọ, kò sì sí àṣà kankan tó lè ṣe é. Ẹni tó bá kọ abẹ́rẹ́ fún ọmọ rẹ̀ nítorí ìtàn tí mo sọ yìí kò gbọ́ ohun tí mo wí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí a fi apá tó kù kún iṣẹ́ náà. Kí ilé ìwòsàn tó bá dá aláìsàn sílẹ̀ fún un ní ọjọ́ tí yóò padà wá, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, oríkèé rẹ̀, èémí rẹ̀ àti okun rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ìjọba tó bá ń ka òkú bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó dìde pẹ̀lú àbùkù ara. Kí àwọn tó ń kọ ìtàn ìlú wa lọ bá àwọn àgbàlagbà tó ṣì ní àpá ṣọ̀pọ̀ná lójú, nítorí ẹni tó kéré jù nínú wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún, kí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Ìwọ tó ń kà á náà, bí ẹnì kan nínú ilé rẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn, má ṣe bi í ìgbà tó máa padà sẹ́nu iṣẹ́ nìkan. Bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí, dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, kí o sì gbà á gbọ́.